Ìyẹ́ Adìyẹ Inú Báàgì Sàídátù

Àbẹ́là tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Adéwọ̀yìn ni kò jẹ́ kó gbádùn ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn.

Joanna fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, nínú agolo pẹlẹbẹ kan tó ní ọmọrí. Obìnrin tó ti Abidjan darí wálé ni, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì jọ ń ṣe àbẹ́là olóòórùn dídùn ní ọ̀nà Ìwó.

"Tonton, èyí ni àkọ́kọ́ tí a ṣe láti ìgbà tí ẹ ti bá mi lé olè yẹn lọ," ló wí. Tonton ni wọ́n ń pe àbúrò bàbá ní Abidjan. "Ẹ tàn án. Gbogbo ilé yín ló máa ta sánsán."

Adéwọ̀yìn gba ọpẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì ni, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, tí àwọn ará Ẹ̀jìgbò máa ń gbé ẹjọ́ wá bá kí ọ̀rọ̀ má baà dé tèṣàn. Ká sọ òótọ́, ó fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín. Bí Joanna ti lọ tán, tí òjò ṣú, tí iná mànàmáná sì ti lọ, ó ṣáná sí àbẹ́là náà, ó sì jókòó tì í.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Ogún kọjá. Ìda ti yọ́ yí òwú ká, ṣùgbọ́n òórùn kankan kò sí nínú yàrá náà àfi ti ìda lásán. Bóyá ó ti mọ́ imú òun lára, ló rò. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó já ewé efinrin kan, ó fi ọwọ́ ra á, ó gbé e sí imú. Efinrin náà gba imú rẹ̀ kan. Ó padà wọlé, ó sì tẹ orí ba àbẹ́là náà títí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó irùngbọ̀n rẹ̀. Kò gbọ́ òórùn kankan.

Ó rọra jókòó. Ohun kan kò bára mu.

Ẹjọ́ tí Joanna gbé wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kò le rárá, tàbí bẹ́ẹ̀ ló rò nígbà náà. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àbẹ́là máa ń ta sánsán fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà òórùn á lọ, iná nìkan ló máa ń kù. Ìgò òróró olóòórùn sì ń tètè gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Òróró ń dín nínú ìgò, kò sì sí nínú àbẹ́là. Ẹni mẹ́ta péré ló ń wọ yàrá iṣẹ́: Joanna, ìyá ọkọ rẹ̀ Màmá Ifádùnní, àti Sàídátù, ọmọbìnrin ará Isundunrin tí wọ́n gbà síṣẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, Adéwọ̀yìn ní kí Sàídátù tú báàgì rẹ̀ síta níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo obìnrin àdúgbò. Ìgò òróró kékeré kan jáde, àti ìyẹ́ adìyẹ kan.

"Olè ni ẹ́," ló wí, ní ohùn tó fi máa ń bá àwọn ọ̀daràn sọ̀rọ̀ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ náà kò sunkún, kò sì rojọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi ìborùn bojú, ó lọ. Adéwọ̀yìn sì ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sí ìjẹ́wọ́.

Àmọ́ tí olè bá ti kúrò nínú ilé, ó yẹ kí ọjà ilé náà sunwọ̀n sí i. Nígbà tí Sàídátù wà níbẹ̀, àbẹ́là ń ta sánsán fún ìdajì wákàtí. Ó lọ tán, kò ta sánsán fún ìṣẹ́jú kan.

Adéwọ̀yìn ṣí dúrọ́ọ̀ tó kó àwọn ẹ̀rí náà sí. Ìgò wà níbẹ̀. Ìyẹ́ náà wà níbẹ̀, ó funfun, òróró ti lẹ etí rẹ̀ pọ̀. Kí ni olè ń fi ìyẹ́ adìyẹ ṣe? Ọlọ́pàá tó gba iṣẹ́ ní àná yóò béèrè ìyẹn. Òun kò béèrè. Ojú tì í débi pé ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wo òun, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń gbé ilé náà.

Ó wá ọ̀kan jáde nínú àwọn àbẹ́là tí oníbàárà dá padà, tí Joanna kó fún un, èyí tí wọn kò tíì tàn. Ó fi ọ̀bẹ yọ ìda rẹ̀ kúrò nínú agolo, ó gé e sí mẹ́ta. Apá òkè ta sánsán. Ti àárín kò ní nǹkan kan. Ti ìsàlẹ̀ kò ní nǹkan kan. Ó tún fi ọ̀bẹ ha apá òkè, ó sì rí i pé òórùn náà kò jìn ju èékánná lọ. Wọ́n fi kun ojú àbẹ́là ni, lẹ́yìn tó ti dì.

Wọ́n fi ìyẹ́ kùn ún.

"Ọmọ yẹn ò jí òróró," ló sọ sókè. "Ó ń dá a padà ni."

*

Ṣùgbọ́n kí ló gbé òróró tí wọ́n kọ́kọ́ dà sínú ìda lọ? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Jeremiah tó ń ta òróró olóòórùn fún Joanna lọ́jà ló kọ́kọ́ gbà lọ.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ wá rà ni, àbí ẹ wá mú mi?"

"Ó kù sọ́wọ́ rẹ. Ṣé o ń bu nǹkan mọ́ ọn?"

Jeremiah bínú. Ó ṣí ìgò, ó ta ẹ̀kán kan sí hańkáṣíìfù Adéwọ̀yìn. "Ẹ fi í sápò. Tí òórùn rẹ̀ bá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́la, ẹ wá ti ṣọ́ọ̀bù mi pa."

"Òwú ńkọ́? Ṣé òwú tó bá nípọn jù kò lè máa jó òórùn dànù?"

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iná rẹ̀ á ga, á máa rú èéfín dúdú. Ṣé iná tiwọn ga?"

Kò ga. Iná tí Adéwọ̀yìn fi ojú ara rẹ̀ wò lánàá kéré, ó dúró jẹ́ẹ́. Ó ra ìgò òróró kékeré kan, ó tọrọ àforíjì, ó sì gun ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà Ìwó.

Kí wọ́n tó dé ibẹ̀ ni òórùn náà ti pàdé wọn. Ọlọ́kadà dẹwọ́ eré rẹ̀.

"Bàbá, ọjọ́ tí wọ́n bá ń se é báyìí, èmi kì í fẹ́ sáré kọjá níbí."

Fáfúnkẹ́ aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí ti Joanna, na imú sókè lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ọ̀fẹ́ la ń gbádùn rẹ̀, títí dé ilé ẹ̀yìn. Iṣẹ́ Màmá dáa!"

Adéwọ̀yìn dúró gbagidi lójú títì, ọ̀kadà méjì sì fun fèrè mọ́ ọn. Òórùn tó wà ní títì kò lè tún wà nínú agolo. Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ, gbogbo àdúgbò ló ń yìn ín, kò sì sí ẹni tó rò ó pé ohun tí àwọn ń gbádùn yẹn gan-an ló ń ṣòfò. Òun náà ti kọjá níbí lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó sì yìn ín.

Joanna ń lẹ ìwé mọ́ agolo nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Joanna, ní Abidjan, báwo lẹ ṣe máa ń da òróró sí i?"

"A máa ń sọ ìda kalẹ̀ ni, Tonton. Kó dákẹ́ híhó, kó tutù díẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó dà á sí i, a ó rò ó."

"Níbí ńkọ́?"

Joanna wo ilẹ̀. "Màmá máa ń dà á sí i lórí iná."

"O ò sọ fún wọn?"

"Ah, Tonton! Ṣé èmi ni mo máa gba orógùn lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi? Wọ́n ti ń se ọṣẹ kí wọ́n tó bí mi. Mo rò pé kò já mọ́ nǹkan kan."

*

Màmá Ifádùnní jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, nínú ìró funfun tí àwọn ọmọ òrìṣà Ògìyán ń ró, ó ń ro ìda tó ń hó lórí gáàsì. Ìkòkò ẹ̀wà wà lórí ààrò èédú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ obìnrin yìí tóbi ní Ẹ̀jìgbò. Láti Ara, láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni wọ́n ti máa ń gbé àdín àti òrí wá kó fi imú bá àwọn yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó bá sì ti ní ó dára, ó ti tán.

"Adéwọ̀yìn, káàbọ̀. Ṣé o ti rí olè mìíràn ni?"

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbọn ekuru nù. "Mo kàn wá wo iṣẹ́ yín, Màmá. Orí iná lẹ ti ń da òróró sí i?"

"Níbo ni kí n ti dà á? Gbogbo ohun tó bá máa wọnú ọṣẹ, orí iná ló ti ń wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe kọ́ mi."

"Báwo lẹ ṣe máa ń mọ̀ pé ó ti tó?"

"Imú mi ni yóò sọ fún mi."

Òórùn ẹ̀wà tó ń jóná gba ọ̀fun Adéwọ̀yìn. Ó wúkọ́. Èéfín ti ń yọ lábẹ́ ọmọrí ìkòkò, ṣùgbọ́n Màmá kọjú sí orógùn rẹ̀, ojú rẹ̀ tutù, ó ń rò ó lọ. Adéwọ̀yìn la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó sì tún pa á dé. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá náà yóò gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Màmá! Ẹ̀wà!" Joanna sáré jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìró rẹ̀ gbé ìkòkò, ó sì gbé e sáré lọ sídìí ẹ̀rọ omi.

Màmá ta gìrì. "Mo ń ronú ni o," ló wí. Lẹ́yìn náà ló rí bí Adéwọ̀yìn ṣe ń wo òun.

"Láti ìgbà wo ni, Màmá?" Ó rọra béèrè ni.

"Láti ìgbà wo ni kí ni?"

Adéwọ̀yìn tọ́ka sí imú ara rẹ̀. Ìyá náà gbé orógùn lé ẹnu ìkòkò.

"Ikọ́ ọjọ́sí yẹn ló gbé e lọ," ló wí. "Ọdún kejì rèé. Èmi ò gbóòórùn irú, èmi ò gbóòórùn kẹrosíìnì. Wọ́n ṣì ń gbé òrí wá bá mi, Adéwọ̀yìn. Mo máa ń gbé e sí imú, màá ní ó dára."

"Sàídátù mọ̀?"

"Òun nìkan." Omi lé sí ojú rẹ̀. "Ọjọ́ tí o pè é ní olè, inú yàrá ni mo wà. Mo ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi jáde. Tí o bá fẹ́ sọ fún wọn, lọ sọ. Àgbàlagbà tó gbé ẹnu dákẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ìtìjú tún máa ṣe fún un?"

Adéwọ̀yìn mọ ẹ̀bi tirẹ̀. Ìyá náà fara pa mọ́ sí yàrá ni, ṣùgbọ́n òun ló dúró níta tó ń pariwo.

*

Kó má baà tún ṣìnà, ó fi iná dán an wò nílé. Ó yọ́ ìda nínú ìkòkò méjì. Ó da òróró sí ọ̀kan bó ṣe ń hó lọ́wọ́, ilé ìdáná sì kún fún òórùn aládùn. Ó sọ èkejì kalẹ̀ títí híhó rẹ̀ fi dákẹ́ kó tó da tirẹ̀ sí i, ó rò ó dáadáa, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ nígbà yẹn. Ní ọjọ́ kejì ó tan méjèèjì, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní yàrá. Èyí tó ti kún ilé ìdáná lánàá kò ta sánsán rárá. Èkejì ta sánsán títí òwú rẹ̀ fi jó dé ìdí. Hańkáṣíìfù Jeremiah ṣì ń ta sánsán nínú àpò rẹ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àkókò yìí ni inú rẹ̀ máa ń dùn jù, nígbà tí ohun gbogbo bá tò. Lọ́tẹ̀ yìí, bí ó ti ń tò ni ó ń dùn ún.

*

Yàkúbù, bàbá Sàídátù, ń to ẹ̀gẹ́ jọ níwájú ilé rẹ̀ ní Isundunrin. Ó rí Adéwọ̀yìn, kò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ṣé ẹ tún wá tú ilé wa wò ni?"

"Mo wá bẹ̀bẹ̀ ni, Yàkúbù."

"Láti ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi kò tíì jáde síta. Àwọn tó ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ ti ní kí a ṣì dúró ná. Ẹ̀bẹ̀ yín pẹ́ kó tó dé." Síbẹ̀ ó pe ọmọ rẹ̀.

Sàídátù jáde, ó kúnlẹ̀, ó sì kí i bí ọmọ gidi ṣe ń kí àgbà. Ìkíni yẹn gan-an ló tún dójú ti Adéwọ̀yìn. Ó fa ìyẹ́ náà yọ lápò.

"Èyí lo fi ń kun ojú àbẹ́là."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo rò pé òróró tí Màmá ń dà sí i kò tó, nítorí imú wọn. Àwọn tó ń rà á máa ń ṣí ọmọrí, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀ wò. Tí wọn ò bá gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á mọ̀ pé Màmá ti…"

"Ta ló sọ fún ọ nípa imú wọn?"

"Gáàsì ló jò níjọ́ kan. Wọ́n fẹ́ ṣáná, mo fò mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sunkún, wọ́n ní kí n má sọ. Mo ṣèlérí."

"Sàídátù, èéṣe tí o ò fi sọ fún mi pé o kò jí nǹkan kan?"

Ó gbé ojú sókè wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ ò bi mí, sà. Ẹ kàn pè mí ní olè ni."

Yàkúbù mójú kúrò. Adéwọ̀yìn ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, kò sí adájọ́ kankan tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí.

"Dárí jì mí," ló wí. "Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, níbi tí mo ti bà ọ́ lórúkọ jẹ́, ibẹ̀ náà ni màá ti tún un ṣe. Gbogbo bó ṣe jẹ́ ni màá sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin."

"Rárá, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ má sọ ti imú Màmá. Ohun kan tí mo fẹ́ nìyẹn. Tí ẹ bá sọ ọ́, ìyà tí mo jẹ, lásán ni mo jẹ ẹ́."

*

Ní ọjọ́ Ẹtì, níwájú ṣọ́ọ̀bù Joanna, àwọn obìnrin ọjọ́sí pé bí i ti tẹ́lẹ̀. Fáfúnkẹ́ gbé àga tirẹ̀ wá. Sàídátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ìborùn rẹ̀ wà lọ́rùn, kò fi bojú. Màmá Ifádùnní jókòó sẹ́nu ọ̀nà, orógùn wà lórí itan rẹ̀.

"Mo dúró níbí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ni Adéwọ̀yìn wí, "mo pe ọmọ Yàkúbù ní olè. Kì í ṣe olè. Kò mú òróró ẹnikẹ́ni. Iná ló ń lé òórùn inú àbẹ́là lọ, nítorí orí iná la ti ń da òróró sí i. Mo ti sọ fún Joanna."

"Òróró tó wà nínú báàgì rẹ̀ ńkọ́?" Fáfúnkẹ́ ni.

"Iṣẹ́ ilé yìí ló ń fi í ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Ìyẹ́ adìyẹ ńkọ́?"

Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀: àbẹ́là tó gé sí mẹ́ta, títì tó ta sánsán, ẹ̀wà tó jóná. Kò tíì tú àdììtú tó dùn tó yẹn rí. Tó bá sọ ọ́, wọn á pàtẹ́wọ́ fún un, wọn á gbàgbé pé ó ṣìnà rárá. Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà. Ojú Màmá kò kúrò lára rẹ̀.

"Mo ṣìnà ni," ló wí. "N kò béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè. Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi nìkan."

"Bàbá ti ń darúgbó!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, àwọn mìíràn sì bú sẹ́rìn-ín. Fáfúnkẹ́ ní ọlọ́pàá ti di ẹni tó ń fi ojú lásán mú èèyàn, pé kí gbogbo wọn tètè lọ fi báàgì wọn pa mọ́. Ẹ̀rín náà tún ga sí i. Adéwọ̀yìn dúró nínú rẹ̀, ó di fìlà mú, òógùn ń ṣàn sí i lẹ́yìn.

Màmá Ifádùnní dìde. "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín…"

"Màmá, ìda ti ń hó," ni Sàídátù yára wí.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ìyá náà rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà, lójú ìyàwó ọmọ rẹ̀, lójú gbogbo àdúgbò, ó na orógùn náà sí i. "Gbà," ló wí. "Ọwọ́ ti ń ro mí. Láti òní lọ, ìwọ ni kí o máa rò ó."

Ẹ̀rín rọlẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i rí kí Màmá gbé orógùn fún ẹnikẹ́ni. Sàídátù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Adéwọ̀yìn tẹ̀ lé e. Ó rí i bó ṣe pa gáàsì, tó sọ ìkòkò kalẹ̀, tó sì dúró tì í kó dákẹ́.

Ó fa ìyẹ́ adìyẹ náà yọ lápò, ó nà án sí i. "Tìrẹ ni. Kò yẹ kí n gbà á."

"Ẹ máa mú un lọ, sà," ni Sàídátù wí, kò sì bínú. "Àwa ò nílò rẹ̀ mọ́."

Ó mú un lọ. Inú ife kan lórí tábìlì rẹ̀ ló fi í sí, níbi tí ẹni tó bá gbé ẹjọ́ wá yóò ti máa rí i. Wọn kì í yé bi í pé kí ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ ṣe, òun náà kì í sì í sọ fún wọn.